Ìjẹ́rìí Bùnmi

Òkè-Ọjà, Arámọkọ-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún Oṣù Kẹwàá, 2023.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù ibẹ̀ yẹn, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ṣe bíi pé òun fẹ́ fi mí sílẹ̀ kí n tó fi òun sílẹ̀. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, èmi kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Yọ̀mí tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́bàá ọjà ni yóò ya ìwé yìí, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ.

Bùnmi wà láàyè. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn akọrin ìjọ wa lọ sí Ẹ̀fọ̀n fún àjọ̀dún orin pàdánù bíréèkì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sì dojú dé sínú kòtò. Ẹni mẹ́ta ló kú. Ruth ọmọ Martha wà nínú wọn, Ruth tí òun àti àbúrò rẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí nínú ọkọ̀. Bùnmi fi apá ṣèṣe, wọ́n rán an, wọ́n sì ní kí ó máa wálé. A ti sin Ruth. Ìwọ náà mọ̀ pé Martha ò ní ọmọ mìíràn.

Èmi ò káwọ́ gbera. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe saikọ́lọ́jísì nílé ìwòsàn ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ṣebí irú ọjọ́ báyìí ni mo kọ́ iṣẹ́ náà dè. Kí ẹ̀rù tó ráyè jókòó sí wọn lára, mo kó àwọn tó yọ jọ sínú yàrá àwọn akọrin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A to àga yípo. Caleb, olórí akọrin tí mo ń kọ́ níṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, jókòó tì mí. Mo ní kí oníkálukú sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó rí, ohun tó gbọ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kíkẹ́, ì bá dára kí o wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin gìrìpá sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì lọ sílé pẹ̀lú ara fífúyẹ́. Àbúrò rẹ nìkan ló ní òun ò rántí. Yóò rántí. A óò tún pàdé.

Tó bá wá di ọjọ́ Ìkórè, gbogbo wọn yóò dìde níwájú ìjọ láti jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yọ wọ́n, bí a ti máa ń ṣe. Ìwòsàn méjì pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, ti ìwé àti ti Bíbélì.

Jọ̀ọ́, bá mi wá awò ojú ìkàwé kan. Apá kan ti kán lára èyí tó wà lọ́wọ́ mi, òwú ni mo fi so ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nathaniel Ilésanmí.


Leeds,
Ọjọ́ Kọkànlélógún Oṣù Kẹwàá, 2023.

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú. Mo sunkún Ruth títí orí fi ń fọ́ mi. Ọmọ yẹn ló dirun fún mi lọ́sẹ̀ tí mo fi ń bọ̀ níbí. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Ruth, ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìpàdé kejì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní Ìbàdàn nìyẹn, gbogbo ayé ló sì ń ṣe é nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn tí wọ́n mú kí wọ́n sọ ọ́ àti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan. Wọ́n rí i pé kíkó wọn jọ láti sọ ọ́ ní kíá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ mú kí ọ̀ràn àwọn mìíràn burú sí i. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí níbí ti pa á tì. Ohun tí à ń ṣe báyìí kò ní ariwo rárá. À ń rí i pé ẹni náà rí oúnjẹ jẹ, ó rí ibi sùn, àwọn èèyàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Tí kò bá fẹ́, a kì í tú u wò. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò fúnra wọn, àwọn tí kò bá sì bọ̀ sípò lẹ́yìn bí oṣù kan la máa ń wá tọ́jú dáadáa.

Mo so ẹ̀kọ́ kan mọ́ lẹ́tà yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, kò le. Tí ẹ bá parí rẹ̀ wọn yóò fún yín ní sátífíkéètì. Níbí, ẹni tí kò bá kẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dọọdún, wọn ò ní jẹ́ kí ó tọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́. Àti pé, Bàbá, a kì í tọ́jú ọmọ ara ẹni. Òfin yẹn ti wà kí ẹ tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ má jẹ́ kí Bùnmi dìde jẹ́rìí. Adébùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi níbí, ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, mo ti fi awò ojú rán an.

Ọmọ yín,
Kíkẹ́lọmọ.


Arámọkọ-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Kọkànlá, 2023.

Dókítà Kíkẹ́lọmọ,

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo rí àṣẹ yín gbà. Orúnkún mi ni ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ kà á.

Ṣé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé sí bàbá ẹni ní Leeds nìyẹn? “Tí ẹ bá parí rẹ̀ wọn yóò fún yín ní sátífíkéètì.” Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní ABD! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí ilé kan wó pa ọmọléèwé nígbà kan rí, níbo ni àwọn olùwádìí yín wà? Èmi ni mo jókòó ti àwọn ìyá. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ tìrẹ kò ní di wèrè lẹ́ẹ̀mí-ìn?

A ti ṣe ìpàdé kejì. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ yanjú. Bùnmi sọ títí dé ibi tí ọkọ̀ ti ń yí, ó sì dákẹ́. Kì í sùn mọ́. Gbogbo fèrèsé ilé ló ń ṣí sílẹ̀, ẹ̀fọn sì ń jẹ wá. Mo mọ ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, Kíkẹ́, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Egbò tó bá ní ọyún nínú, fífún ni wọ́n ń fún un.

Ní ti ìjẹ́rìí, àlùfáà ti kéde orúkọ wọn. Mo ti dá aṣọ fún un. Àwọn tó yọ yòókù yóò dìde, ọmọ Ilésanmí nìkan ni yóò wá jókòó? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí wọn yóò sọ nípa àbúrò rẹ nìyẹn, etí tìrẹ sì kọ́ ni wọn yóò ti sọ ọ́.

Mo dúpẹ́ awò ojú. Mi ò tíì ṣí ẹ̀kọ́ yín wò.

Bàbá yín, ọ̀gá.


Leeds,
Ọjọ́ Kejìlá Oṣù Kọkànlá, 2023.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń kọ̀wé sí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sí yín, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Tí Màmá bá wà láyé ni, wọn ì bá ti gbá mi létí. Ẹ jẹ́ kí a fi ti èmi àti ẹ̀yin sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Bùnmi ni mo ń bá kiri.

Ó pè mí lánàá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí èèyàn bá ṣe nǹkan tí kò rò tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” Mo ní, ta ló ṣe kí ni? Ó ní kò sí, ó sì gé fóònù. Mo pè é padà títí, kò gbé e.

Òótọ́ lẹ sọ, ó ń fi nǹkan pamọ́. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó fi pamọ́ títí yóò fi rí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ ò mọ ohun tí yóò jáde, ẹ ò sì mọ ẹni tí yóò bá. Tí ẹ bá fún egbò náà níwájú odindi ìjọ, ta ni yóò bá a dì í? Ẹ bá àlùfáà sọ̀rọ̀, ẹ ní ara rẹ̀ ò yá. Ẹ fi mí ṣe àwáwí tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ní ọmọ yín tó wà lókè òkun ti ya aláìgbàgbọ́, òun ló ní kí àbúrò òun má jẹ́rìí. Mo gbà.

Ẹ dákun, ẹ dáhùn kí ọjọ́ Ìkórè tó pé.

Kíkẹ́lọmọ yín.


Leeds,
Ọgbọ̀n Ọjọ́ Oṣù Kọkànlá, 2023.

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Fóònù yín kò lọ, ti Bùnmi ń dún, kò gbé e. Ìkórè ti kọjá. Mo pe Caleb, ó ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí wàhálà, gbogbo wọn ń kí yín.” Mo ní kí ó gbé fóònù fún Bùnmi, ó ní ó lọ sí Ìlógbò.

Ta ni Bùnmi mọ̀ ní Ìlógbò?

Mo mọ àṣà wa. A kì í tú ọ̀rọ̀ burúkú fún ẹni tó wà lájò. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn nígbà tí Màmá kú, wọ́n ní Màmá ń sùn. Bàbá, ẹ má ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ bá ṣì ń bínú sí mi, ẹ bú mi, kí n ṣáà mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Kíkẹ́.


Arámọkọ-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹjọ Oṣù Kejìlá, 2023.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ mi,

Mo ti kọ ìwé yìí, mo fà á ya, mo tún un kọ. Àbúrò rẹ wà láàyè. Kò lọ sí Ìlógbò kankan. Má bínú sí Caleb, èmi ni mo ní kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, Bùnmi bi mí pé, “Bàbá, ṣé dandan ni?” Mo ní dandan ni. Kò jiyàn. Ó wọ aṣọ tí mo dá fún un.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sọ tiwọn, ìjọ ń ké halelúyà, wọ́n ń jó. Nígbà tó kàn án, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní, “Wọ́n ní kí n wá sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ mí. Ruth di yẹ̀rì mi mú. Ó ń pe orúkọ mi. Mo ta á nípàá lójú, ó jọ̀wọ́ mi, mo gun ara rẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Bí mo ṣe yọ nìyẹn.” Ó gbé ẹ̀rọ náà lélẹ̀, ó rọra gbé e, kò jù ú.

Caleb ṣáà dá orin sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbè é. Martha wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó dìde. Mo rò pé yóò ké ni. Kò ké. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ, Bàbá Kíkẹ́ ni obìnrin yìí ń pè mí. Ó ní, “Ilésanmí, mú ọmọ rẹ lọ ulé.”

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ àdúgbò ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn ẹbí bàbá Ruth wá bá mi pé kí n pe ọmọ mi jáde, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i, Kíkẹ́. Mo lé wọn jáde. Bùnmi ò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sí ẹni tó ń bá sọ ọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò kí mi kú iṣẹ́ pẹ̀lú orí, yóò sì yí ojú sí ògiri.

Ọmọ ogún ọdún ni. Inú ọkọ̀ tó dojú dé ló wà. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà yóò ta ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ yóò ta ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tó bá wù ú, èmi ni mo mú un sọ ọ́ sí ìyá olóògbé lójú.

Mo ti ka ẹ̀kọ́ tí o fi ránṣẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀. O sọ òótọ́, kò le. Ojú tì mí débi pé mo pa iná kí n má baà rí ọwọ́ ara mi.

Kí ni kí n ṣe báyìí? Sọ ọ́ fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Kejìlá, 2023.

Bàbá mi,

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní bá yín wí, kò sí àyè fún un.

Ẹ bi í léèrè bóyá ó ń ronú àtikú. Mo mọ bí èyí ṣe máa rí létí yín, lẹ́yìn tí mo ti ń bẹ̀ yín láti oṣù méjì pé kí ẹ má bi í ní nǹkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo ní kí ẹ bèèrè. Ti ọkọ̀ ti tán, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tó bá wù ú. Mo mọ̀ pé nílé wa a kì í fi ẹnu pe ibi, a ó ní “ká má rí i,” a ó sì yí ọ̀rọ̀ dà. Àwọn tó kọ́ èmi náà ní Adó sọ pé kí a má dárúkọ rẹ̀, kí a má baà gbìn ín sí ẹni náà lọ́kàn. Wọ́n ti wádìí ìyẹn náà. Bíbéèrè kì í gbìn ín. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti ń dá a rù sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ má sọ pé, “O ò kúkú ní ṣe ara rẹ ní nǹkan, àbí?” Torí “rárá” ni yóò dá yín lóhùn, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ pe ikú ní ikú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ké, ẹ má wàásù, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nílé. Oògùn oko tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ gbé e kúrò nínú ọgbà wa kí ẹ tó wọlé bá a rárá. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé Bùnmi lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó lọ́jọ́ náà gan-an.

Mò ń bọ̀. Wọ́n ní tí mo bá kúrò báyìí, ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó fún mi níwèé àṣẹ yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀, ẹ má sọ pé torí rẹ̀ ni.

Kíkẹ́lọmọ.


Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kọkànlá Oṣù Kejìlá, 2023.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo gbé oògùn oko náà fún Yọ̀mí kí ó bá mi gbé e jìnnà sílé. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní eku ti tán.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá àbúrò rẹ tí mo sì padà. Èmi tí mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè láyé mi! Lẹ́yìn náà mo wọlé. Ilẹ̀ ló jókòó sí, èmi náà fi orúnkún burúkú yìí jókòó sílẹ̀. Mo ní, “Bùnmi, ṣé o ń ronú pé kí o kú?”

Ó gbójú sókè wò mí. Láti ọjọ́ Ìkórè, kò tíì wò mí lójú bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ta ló ń bi mí? Ṣé ẹ̀yin ni àbí dókítà?”

Mo ní èmi ni.

Ó ní, “Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.”

Ó wá sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti sin Ruth ló ti ń rò ó, ó sì sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ fún mi. Yàrá ẹ̀yìn ni. Mi ò ké, mi ò wàásù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó jẹ́ kí n dì í mú, a jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ tí Caleb bá wa pè fi dé.

Wọ́n ti dá a dúró síbí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì fún un. Dókítà ọmọdébìnrin kan tó tó ọmọ mi ló wọlé bá a, ó sì ní kí n dúró síta. Ẹnu mi yá láti sọ ẹni tí mo jẹ́, mo pa á mọ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú lọ́hùn-ún. Wọn ò ṣèlérí kankan fún mi. Bùnmi pàápàá ò ṣèlérí kankan, nígbà tí mo ní kí ó bá mi ṣèlérí pé yóò wà, ojú ògiri ló tún yí sí. Torí náà má bi mí bí ara rẹ̀ bá ti yá. Ṣáà máa bọ̀.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo ti ń kọ èyí. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni nọ́ọ̀sì jáde wá pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Ó bi mí lórúkọ, mo sọ ọ́. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní èmi ni bàbá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo gbọ́ ìyẹn, iṣẹ́ yín ni mo bèèrè.” Mo ní kí ó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá rẹ.